Bí a ṣe ń fọwọ́ kun ẹ̀dà àwòrán Don Miguel de Castro, ikọ̀ ìjọba Kóńgò

Ní nǹkan bí ọdún 1643 ni wọ́n kun àwòrán Don Miguel de Castro sórí pákó ní ìlú Middelburg, ní ilẹ̀ Netherlands, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà sí ti Jasper Becx. Ikọ̀ ni Don Miguel. Olórí Soyo ní ìjọba Kóńgò ni ó rán an sí àwọn ará Dutch. Ó ti kọ́kọ́ gba Recife ní Brazil kọjá, níbi tí Johan Maurits ti ń ṣe gómìnà fún wọn, kí ó tó wọkọ̀ lọ sí Yúróòpù. Statens Museum for Kunst ní Copenhagen ni àwòrán náà wà lónìí, pẹ̀lú ti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ méjì, Pedro Sunda àti Diego Bemba. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti lo ọ̀dà olóróró rí, tó mọ búrọ́ọ̀ṣì í mú, tó sì fẹ́ kun ẹ̀dà kan tí yóò ṣeé gbé kọ́ sára ògiri láìtijú.

Àwòrán àwọn aláṣẹ ayé Baroque, ìyẹn àṣà iṣẹ́ ọnà tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù nígbà náà, jọra púpọ̀: aṣọ dúdú, kọ́là funfun, ẹ̀yìn tó ní àwọ̀ ilẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ojú òyìnbó ló ń yọ láti inú òkùnkùn náà, nítorí náà kò nira fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà láti ya ojú sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ. Ti Don Miguel kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, àkẹtẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ̀wù rẹ̀ dúdú, síbẹ̀ kò sí èyí tó rì sínú èkejì nínú wọn. Bí a ṣe ń ya dúdú kan sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú mìíràn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé lórí, ohun tí ìwé ìkọ́ni nípa ọ̀dà olóróró kì í sì í ṣàlàyé tó nìyẹn, nítorí pé awọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ti ẹ̀dà ṣíṣe fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà fi ń jẹun ni. Ilé iṣẹ́ Michiel van Mierevelt ní Delft ń kun àwòrán àwọn ọmọ aládé ìdílé Orange ní àkùntúnkùn fún àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́, ayàwòrán Hyacinthe Rigaud ní Paris sì ní àwọn ọmọṣẹ́ tó jẹ́ pé aṣọ ni iṣẹ́ tiwọn.

Fọ́tò àti ìwọ̀n

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó ni àwòrán náà gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí òfin tó dènà àtúnkùn rẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti tán lórí rẹ̀. Ẹ gba èyí tó tóbi jù lọ sílẹ̀ láti ojú ewé ilé náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe lo èyí tí ẹlòmíràn ti gé tàbí tí ó ti fi kún àwọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀yà mẹ́ta nínú fọ́tò yìí. Èkíní ni kí ẹ tẹ̀ jáde sórí ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, ní ìwọ̀n tí ẹ̀dà yín yóò jẹ́ gan-an. Èkejì ni kí ẹ sọ di aláìláwọ̀, kí ó lè fi hàn yín bí ibi kọ̀ọ̀kan ti mọ́lẹ̀ tó láìsí pé àwọ̀ ń tan ojú yín jẹ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi kọ̀ǹpútà mú mọ́lẹ̀ gan-an, débi pé kọ́là yóò fi jóná di funfun lásán, ṣùgbọ́n tí etí àkẹtẹ̀ àti ìṣẹ́po ẹ̀wù yóò wá hàn kedere. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń pa gbogbo dúdú pọ̀ sí ọ̀kan. Ẹni tó bá gbára lé ìwé tí a tẹ̀ nìkan yóò kun ihò dúdú síbi tó yẹ kí àkẹtẹ̀ wà. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa wo fọ́tò lórí fóònù, nítorí pé fóònù ń yí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ padà bí iyàrá bá ti mọ́lẹ̀ sí.

Ní ti ìwọ̀n, mo fara mọ́ òfin tí Louvre ní Paris fi de àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà nínú ilé rẹ̀: ẹ̀dà kò gbọ̀dọ̀ tóbi bákan náà pẹ̀lú ojúlówó, ó gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún dín tàbí kí ó fi í lé. Ìwọ̀n ojúlówó wà lójú ewé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, yóò di 60. Ìrísí kò ní yí padà, kò sì ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi iṣẹ́ yín ṣe jìbìtì lọ́la.

Pákó, kì í ṣe káńfáàsì

Orí pákó ni wọ́n kun ojúlówó sí, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ń hàn. Ojú káńfáàsì ní ìhun tó ń já ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí wẹ́wẹ́, nígbà tí pákó ń jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì yọ́ gẹ́lẹ́ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ́ sí àgbọ̀n. Plywood tó nípọn tó mílímítà 9 sí 12 yóò ṣe é. Ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ sì fi gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀, kun iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo, ẹ̀yìn yẹn nìkan ni yóò máa fa ọ̀rinrin, pákó yóò sì tẹ̀. Iwájú nílò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á láàárín ìkùn kan sí èkejì, títí tí yóò fi máa dán lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ayé àtijọ́, ẹfun tí a pò mọ́ gúlúù awọ ẹran ni wọ́n ń lò. Gesso orí àtẹ ti tó.

Nígbà tí funfun yìí bá gbẹ, ẹ fi tapẹntáìnì tú raw umber, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, pẹ̀lú yellow ochre díẹ̀, ìyeyè aláwọ̀ ilẹ̀, títí yóò fi ṣàn bí omi, kí ẹ fi kun gbogbo ojú pákó, kí ẹ sì fi àkísà nù ún kí ó ṣẹ́ ku àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Kò yẹ kí ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí. Lórí ilẹ̀ funfun, gbogbo ọ̀dà awọ tí ẹ bá pò yóò dà bí pé ó ti dúdú jù, ẹ ó sì máa fi funfun sí i láìnídìí. Lórí ilẹ̀ tó wà láàárín, ojú yín yóò lè ṣèdájọ́ òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, ó kéré tán.

Ìlà

Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa onígun mẹ́rin-mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà 3 sórí fọ́tò tí ẹ tẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀dà, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fa irú rẹ̀ kan náà sórí pákó. Ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ti gé etí onígun ni kí ẹ kọ́kọ́ sàmì sí, kí ẹ tó so àwọn àmì náà pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí àkẹtẹ̀, nítorí pé òun ló fẹ̀ jù, òun ló sì ń sọ ibi tí ojú yóò wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà ẹyinjú, ìsàlẹ̀ imú, ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé, àgbọ̀n, àti etí kọ́là. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fa ojú bí ẹni tó kọjú síni gbọọrọ, nígbà tí orí yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn àyè tó wà láti àárín imú dé etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ ó rí i pé wọn kò dọ́gba.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ gbé pákó àti fọ́tò dojú kọ dígí, tàbí kí ẹ yí méjèèjì sódì. Ohun tí ojú yín ti mọ́ lára yóò tún di àjèjì, ibi tó bá wọ́ yóò sì fara hàn. Bí ó bá ti tọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti raw umber tó ṣàn tẹ̀ lé ìlà náà, kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu ṣọ́ọ̀kì kúrò.

Ọ̀dà òkú

Àwọn ayàwòrán Dutch ń pe ìpele àkọ́kọ́ ní ọ̀dà òkú, nítorí pé kò tíì ní ẹ̀jẹ̀ lára. Raw umber, ivory black àti funfun nìkan ni ẹ nílò. Ẹ kọ́kọ́ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ pín in sí àpótí 10, kí ẹ kun èyí tó dúdú jù sí 1 àti èyí tó funfun jù sí 10, kí ẹ sì mú àwọn ìyókù gòkè ní ìwọ̀n-ìwọ̀n láàárín wọn. Páálí yìí ni ẹ ó máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò aláìláwọ̀ láti mọ nọ́ńbà ibi kọ̀ọ̀kan.

Iye tí ẹ ó rí lè yà yín lẹ́nu. Kọ́là tí ojú ń pè ní funfun kò ní ju nǹkan bí 8 tàbí 9 lọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá iwájú orí lè má ju 6 lọ, òjìji ojú lábẹ́ àkẹtẹ̀ sì lè wà ní 2 tàbí 3. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo àkẹtẹ̀ àti ẹ̀wù ni ẹ gbọ́dọ̀ há sáàárín 1 sí 3, kí ojú lè rí ibi gbé sí lókè wọn. Ẹni tó bá kun ẹ̀wù sí 4 ti jẹ ojú lẹ́sẹ̀, yóò sì wá máa fi funfun gbé ojú sókè kí ó lè hàn, òun gan-an ni ohun tó máa ń sọ awọ ènìyàn dúdú di eérú nínú ẹ̀dà.

Ọ̀dà ìpele yìí gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, tapẹntáìnì ni kí ẹ fi tú u, kì í ṣe òróró. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpele tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó gbẹ; bí ó bá wà nísàlẹ̀, yóò máa mì lábẹ́ èyí tó ti gbẹ lókè, òkè yóò sì sán. Òróró gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i bí ìpele ti ń gun ìpele, òfin tí kò ṣeé rú nìyẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé raw umber ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ivory black ń lọ́ra púpọ̀. Ìdí nìyí tí umber fi yẹ kí ó pọ̀ ju dúdú lọ nínú ìpele yìí.

Ojú

Àwọn ọ̀dà tí ẹ nílò fún ojú kò pọ̀: funfun, yellow ochre, burnt sienna, burnt umber, ivory black, pupa kan tó mọ́lẹ̀ bíi cadmium red dípò vermilion àtijọ́, àti alizarin, pupa tó jinlẹ̀, irú èyí tí kì í ṣá. Funfun tí àwọn àgbà ayàwòrán lò jẹ́ ti òjé, májèlé sì ni. Titanium white ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ó lágbára ju ti òjé lọ, ó sì máa ń mú àwọ̀ tutù. Ìdajì iye tí ọwọ́ yín fẹ́ mú ni kí ẹ mú.

Awọ adúmáadán kì í gba ìmọ́lẹ̀ bí awọ òyìnbó. Lára òyìnbó, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn káàkiri, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ wọ inú òjìji. Lára ẹni dúdú, àwọ̀ awọ gan-an wà ní àárín, láàárín òjìji àti ibi tó ń dán, ibẹ̀ ni pupa àti ìyeyè rẹ̀ ti ń ṣẹ́ jáde jù. Ibi tó dán sì jẹ́ àwòjíìjí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé awọ, nítorí náà ó kéré, ó mọ́gán, ó sì tutù ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ po ọ̀dà yín ní ẹgbẹ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí èyí. Òjìji: burnt umber, alizarin díẹ̀ àti ivory black díẹ̀, láìsí funfun rárá, kí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ pákó yóò fi máa là á kọjá. Àárín: burnt sienna, burnt umber àti yellow ochre. Ibi tó mọ́lẹ̀: àárín kan náà, kí ẹ fi yellow ochre kún un, pẹ̀lú cadmium red bíńtín àti funfun bíńtín. Ibi tó dán: funfun pẹ̀lú ivory black tí kò tó nǹkan. Àpòpọ̀ méjì yìí máa ń jọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ó bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ tó gbóná, nítorí náà kò sí ìdí láti lo búlúù gidi níbẹ̀.

Ẹ gbìyànjú láti kun ojú tán ní ìjókòó kan, kí ọ̀dà ṣì tutù. Ẹ gbé òjìji sílẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ àárín, lẹ́yìn rẹ̀ ibi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá ibi tí wọ́n ti pàdé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹni tó bá ń gbá a títí yóò sọ ojú di rọ́bà. Ibi tó dán ni kí ó gbẹ̀yìn: iwájú orí, góńgó imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti ìlà kékeré lórí ètè ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tó nípọn tò ó lé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ẹyinjú gba sùúrù. Funfun ojú kì í ṣe funfun, àwọ̀ eérú tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú ni, abẹ́ ìpéǹpéjú òkè sì máa ń ṣú sí i. Àmì ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ẹyinjú méjèèjì kì í tóbi bákan náà. Ẹ wo fọ́tò, kí ẹ fi í síbi tó wà gan-an, nítorí pé òun ló ń sọ bí Don Miguel ṣe ń woni.

Dúdú mẹ́ta

Àkẹtẹ̀, ẹ̀wù àti ẹ̀yìn àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú mẹ́ta tó yàtọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi burnt umber mú ti àkẹtẹ̀ gbóná, mo ń fi funfun bíńtín mú ti ẹ̀wù tutù, mo sì ń fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní raw umber tín-ín-rín tí ilẹ̀ pákó ń là kọjá. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdajì nọ́ńbà kan lọ lórí páálí, ṣùgbọ́n ojú ń rí i. Lára etí àkẹtẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ti hàn gbangba lójú ẹ̀yìn àti ibi tí ó ti sọnù sínú rẹ̀; bí ẹ bá fa gbogbo etí rẹ̀ ní ìlà kan náà, yóò dà bí páálí tí a gé lẹ̀ mọ́ pákó.

Bí aṣọ bá jẹ́ àrán, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Irun àrán dúró ṣánṣán, nítorí náà ibi tí ìṣẹ́po ti yà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń mú un, tí àárín ìṣẹ́po yóò sì dúdú. Sátíìnì ni òdìkejì: òkè ìṣẹ́po rẹ̀ ló ń dán. Ẹni tó bá kun àrán bí sátíìnì ti pa aṣọ ikọ̀ náà dà.

Kọ́là, ìyẹ́ àti okùn fàdákà

Kọ́là rọrùn bí ẹ bá dúró kí ẹ̀wù gbẹ. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú, kí ẹ wá fi funfun tó nípọn sórí apá tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ nìkan, kí etí rẹ̀ bọ́ díẹ̀ sórí dúdú ẹ̀wù. Òjìji abẹ́ àgbọ̀n ń gba àwọ̀ díẹ̀ láti ara awọ; burnt sienna bíńtín nínú àwọ̀ eérú náà yóò ṣe é.

Ìyẹ́ pupa orí àkẹtẹ̀ gba ìpele méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà. Ẹ fi cadmium red, pẹ̀lú funfun tàbí umber níbi tó bá yẹ, kun ìrísí rẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ìgbà náà ni kí ẹ po alizarin mọ́ òróró linseed títí tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa là á kọjá, kí ẹ fi bo òjìji ìyẹ́ náà. Pupa ìsàlẹ̀ yóò máa tàn láti abẹ́ pupa òkè, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ yóò sì ju ohun tí ìpele kan ṣoṣo lè fúnni lọ. Etí ìyẹ́ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fà wọ inú ẹ̀yìn tó ṣì tutù.

Ní ti iṣẹ́ okùn wúrà àti fàdákà lára aṣọ, ẹ má ṣe ra ọ̀dà tó ń dán bíi wúrà. Àwọn àgbà kò lò ó fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi umber àti ochre gbé ìlà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi orí búrọ́ọ̀ṣì kán ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn sí i ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á nìkan. Fún fàdákà, àwọ̀ eérú ni ìsàlẹ̀, funfun ni ẹ̀kán. Ẹ má ka bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Láti ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀kán tó bọ́ síbi tó tọ́ yóò di okùn fúnra rẹ̀.

Gbígbẹ, fáníìṣì àti orúkọ

Eruku ọyẹ́ jẹ́ ọ̀tá ọ̀dà tútù. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé nílé, ẹ gbé páálí lé orí pákó láìjẹ́ kí ó fara kàn án. Àkísà tí òróró linseed wà lára rẹ̀ lè ràn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ. Ẹ rì í sínú omi tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ. Kẹrosíìnì dára fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, kò dára fún títú ọ̀dà.

Lẹ́yìn oṣù 6, ó kéré tán, ẹ fi èékánná tẹ ibi tó nípọn jù. Bí kò bá rọ̀, ó ti tó fáníìṣì. Fáníìṣì tí wọ́n fi kẹ́míkà ìgbàlódé ṣe sàn ju dammar, èyí tí a fi oje igi ṣe, lọ, nítorí pé dammar ń pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn kan máa ń fi tíì tàbí ọ̀dà ilẹ̀ pa ẹ̀dà wọn láró, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ sán kí ó lè dà bí ohun àtijọ́. Èmi kò fọwọ́ sí i: ìdọ̀tí kì í ṣe iṣẹ́ Becx, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ọjọ́ orí ayédèrú fún àwòrán.

Ẹ má kọ orúkọ ayàwòrán àtijọ́ síwájú. Ẹ fi yíǹkì tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn pákó pé ẹ̀dà àwòrán Don Miguel de Castro ni, ẹ kọ ibi tí ojúlówó wà, orúkọ tiyín, ọdún tí ẹ kùn ún, irú ọ̀dà tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ fi fáníìṣì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ tàbí tún un ṣe lẹ́yìn ogójì ọdún yóò nílò gbogbo ìyẹn.